Bí Mo Ṣe Pa Àbúrò Mi ní Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́rin:

Àjà yàrá wa tó ń dún kọ́ọ́, kọ́ọ́. Alága ní igi ló ń gbẹ. Igi wo ló ń gbẹ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n?
Eyín mi òsì, èyí tó kù lẹ́yìn.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bóyá mo tì í. (Mo tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde lọ wò ó.)
Dókítà tó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Báwo ni kò ṣe ní sí nǹkan kan lára ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin?
Kíláàsì fídíò tí Alága fi orúkọ mi sí láì bi mí. Ìyàwó mi ni Alága. Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.
Téèpù ìyá wa.
Onírédíò.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo kọ sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́kọ́ jí mi.

Kí n tò ó bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe akọ̀wé fáìlì ìjọba. Onírédíò ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi ń pè é — rédíò, ẹ̀rọ téèpù, ohunkóhun tó bá ti ń sọ̀rọ̀ rí tó wá dákẹ́, òun ló ń jí i. Ogún ọdún rèé tí a ti rí ara wa kẹ́yìn. Ohun tó fà á kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: téèpù kan tí ohùn ìyá wa wà nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún àwa méjèèjì bí wọ́n ṣe gun kẹ̀kẹ́ aláìníbíréèkì wọ inú odò nígbà ọmọge. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, ó ní kí n yá òun, kí òun dà á kọ sórí òmíràn. Mo ní rárá. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ á jẹ ẹ́. Ẹni tó ń fi títún ẹ̀rọ téèpù ṣe jẹun ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. Níwájú oníbàárà méjì.

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa gbọ́ ọ lọ."

Mi ò gbọ́ ọ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí kó má já. Ó wà nínú aṣọ, nínú agolo bisikíìtì, nínú dúrọ́ọ̀. Gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Ilé ìkàwé, yàrá òkè. Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún, igi ìdìmú rẹ̀ ń mì. Arúgbó mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Olùkọ́ wa kò tíì pé ogójì ọdún, bàtà rẹ̀ kì í dún, ẹ̀yìn ẹni lèèyàn á kàn bá a. Lórí gbogbo nǹkan ló ti máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó mí." Àwòrán, ẹ jẹ́ kó mí. Ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó mí. Mo ti sọ ọ́ ní Jẹ́kómí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ṣí nínú yàrá náà. Àwa gan-an ló yẹ kí wọ́n jẹ́ ká mí.

Ó ní ètò kọ̀ǹpútà tí a ó fi gé fídíò, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán, ọ̀fẹ́. Orin, ọ̀fẹ́. Ìtàn ara wa nìkan ni ká mú wá láti ilé, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, tí a ó fi han gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 22. Ó ní ìtàn tó bá dáa, kó tó pé ìṣẹ́jú méjì omi á ti bọ́ lójú àwọn tó ń wò ó. Bí ẹni tó ń sọ ìgbà tí ìrẹsì máa jinná ló ṣe sọ ọ́.

Télọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó tì mí. Mo bèèrè bóyá kọ̀ǹpútà á gbiná bí mo bá tẹ ibi tí kò yẹ. Mo bèèrè bóyá iṣẹ́ wa á pa rẹ́ bí iná bá lọ. Mo tún fẹ́ bèèrè, Télọ̀ ní, "Bàbá Ṣé-kò-ní-bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dáa ná, kó tó bàjẹ́!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kí a tó túká, orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ọ̀fẹ́. Ta ló wá ń sanwó rẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Kálukú mú ìtàn wá. Télọ̀: máṣíìnì rẹ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà: ọmọ kìíní tó gbẹ̀bí rẹ̀. Èmi: "Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Fáìlì Kí Ikán Má Jẹ Ẹ́."

Jẹ́kómí kà á. Ó ní ibo ni ọkàn wà nínú ìtàn yìí, Bàbá? Mo ní inú kọ́bọ́ọ̀dù kẹta. Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ó ní ṣé kò sí ohun kan tí mo ti ń tọ́jú fúnra mi, tí kì í ṣe ti ìjọba? Ẹnu mi yọ̀. Mo sọ ti téèpù. Mo sọ ti Onírédíò. Jẹ́kómí di àyà mú bí ẹni tó rí ohun tó sọnù he. "Ìtàn nìyẹn, Bàbá!" Ìtàn wo? Ìjà ni.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

A wá àwòrán. Ti Onírédíò tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ọ̀kan lọ, etí òsì àti èjìká ló sì hàn níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá súkúrù kan tó bọ́ sílẹ̀. Jẹ́kómí ní kí n mú àjèjì kan nínú àwòrán ọ̀fẹ́ kó dúró fún un.

Mo kọ "arúgbó ọkùnrin, rédíò". Àwọn ọkùnrin eléyín funfun ni wọ́n kó wá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà. Mo kọ "ìyá àgbà". Obìnrin kan nínú kíṣíìnì funfun báláú, ó gbé abọ́ ewé dání, ó ń wo ewé náà bí ẹni pé ewé náà dápàárá. Ìyá wa kò bá ewé rẹ́rìn-ín rí láyé wọn.

Nígbà tó yá, mo rí ọkùnrin kan. Irun funfun, iwájú gbòòrò, ojú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní àná. Ìrísí rẹ̀ kò jọ ti Onírédíò. Ìbínú rẹ̀ ló jọ ọ́. Mo mú un. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni lè lò ó bó bá ṣe wù ú. Irú ẹ̀dá wo ló ń fi ojú ara rẹ̀ ta gbogbo ayé lọ́rẹ? Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ń wá a ńkọ́?

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Jẹ́kómí ní ohùn ìyá wa ni fídíò náà máa dúró lé. Kí n gbé téèpù wá. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó máa gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, á sì nu ariwo kúrò lára rẹ̀ bí ẹni nu eruku kúrò lórí tábìlì. Mo ní ṣé... Gbogbo kíláàsì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Kò ní bàjẹ́!"

Mo sọ fún Alága. Ó ní, "Ogún ọdún lẹ fi ràdọ̀ bo ẹyin tí ẹ ò fẹ́ kó di adìyẹ."

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Ẹ̀rọ mi jẹ ẹ́.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tèmi ni, èyí tí mo fi aṣọ bò láti ogún ọdún. Mo ní mi ò ní gbé téèpù lọ sí kíláàsì láì kọ́kọ́ dán an wò nílé. Mo fi òwú nu orí ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ariwo kan kọ́kọ́ wá, bí òjò lórí páànù. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá wa.

"Kẹ̀kẹ́ náà ò ní bíréèkì, àmọ́ ta ló bi mí?"

Ohùn wọn gan-an, bí ẹni pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà. Lẹ́yìn ohùn wọn, ẹ̀rín ẹnì kan tó ń gba imú jáde — Onírédíò. Mo ti gbàgbé pé ó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo gbọ́ ara mi náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé, "Mọ́mì, ẹ má sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn jù."

Ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Ìtàn náà kò tíì dé odò. Ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó di ohùn ọkùnrin, ó di ti màlúù, ó dákẹ́. Mo ṣí ẹ̀rọ. Téèpù ti wé mọ́ gbogbo inú rẹ̀ bí ìfun. Mo fi ọ̀bẹ tí a fi ń jẹun tú u. Ibì kan já. Ibòmíràn ká jọ bí ewé gbígbẹ.

Ogún ọdún ni mo fi sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ á jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Mi ò sọ fún Alága.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Alága ti mọ̀. Ó ní láti àná òun kò gbọ́ kí n bèèrè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, òun wá mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ó ṣí agolo, ó wò ó, ó dé e padà jẹ́jẹ́. Ó ní ẹnì kan ló lè tún èyí ṣe, mo sì mọ ilé rẹ̀.

Mo ní ọ̀nà jìn. Mo ní orúnkún mi. Mo ní wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀, láìmọ ìgbà tí wọ́n máa dúró kí ènìyàn tọ̀. Mo ní bó bá tì mí síta ńkọ́?

Ó ní kí n lọ ṣe fídíò mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Jẹ́kómí ní kò burú tí kò bá sí téèpù. Ètò ọ̀fẹ́ míràn wà tó ń ka ohun tí èèyàn bá kọ sókè. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá wa bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kà á. Kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Bí ẹni gbé òkúta gbígbóná sẹ́nu ló ṣe ń ka Yorùbá. Obìnrin tó ń kéde ọkọ̀ òfuurufú ni ìyá wa dà, kẹ̀kẹ́ wọn náà sì dà bí èyí tó fẹ́ gbéra. Mo bèèrè bóyá ó lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rín wà, àmọ́ ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Mo wá to àwòrán. Ṣẹ́ẹ̀tì àjèjì oníbìínú mi mọ́ jù fún ẹni tó ń fọwọ́ kan irin, mo bá sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun. Mo fi àbẹ́là kan tó ń jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí àbẹ́là ni Onírédíò máa ń tàn sórí tábìlì bí iná bá lọ. Ọ̀fẹ́ sì ni àbẹ́là náà. Orin: nínú gbogbo èyí tó wà níbẹ̀, dùùrù kan tó ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù wúwo nìkan ni kò ní ìlù tó máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ àwòrán, mo kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, mo sì fi ọdún kún un bí a ṣe ń kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí a fojú kàn án kẹ́yìn:

1952 – 2005.

Ó mọ́ nigín. Jẹ́kómí ti wà lẹ́yìn mi láì dún. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Mo dúpẹ́. Mo rò pé ti téèpù ló ń sọ. Ọmọ dáadáa ni.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Jẹ́kómí ní a gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tó fún wa ní nǹkan ọ̀fẹ́. Mo dárúkọ wọn: ẹni tó ya àbẹ́là, ẹni tó tẹ dùùrù, àjèjì oníbìínú, ẹni tó ya odò, ẹni tó ṣe irú lẹ́tà tí mo fi kọ̀wé. Mo fi ẹni tó ń gbálẹ̀ yàrá òkè kún un, torí òun ló ń bá wa to àga. Fídíò, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orúkọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní kí n gé e kù. Mo ní bí wọ́n bá pè mí lẹ́jọ́ ńkọ́? Ó ní kò sẹ́ni tó máa pe arúgbó lẹ́jọ́ nítorí àbẹ́là.

Mo ní ṣé ó dá a lójú?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kún. Alága kò lè wá, ó ní ìpàdé.

Fídíò Télọ̀: gbogbo ohun tí ètò náà lè ṣe pátá ló ṣe. Máṣíìnì rẹ̀ yọ láti inú iná, ó fò lọ, ó padà wá pẹ̀lú ààrá, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó tò padà. Mi ò rí ibi tó ti rán aṣọ. Ti Nọ́ọ̀sì: ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀, wọ́n ti ń sunkún. Mo rí Jẹ́kómí tó wo aago.

Tèmi. Wọn ò dúró de ìṣẹ́jú kan. Bí àbẹ́là ti yọ báyìí, obìnrin kan níwájú ti mú aṣọ ìnujú. Nígbà tí ìyá wa fi ohùn pápá ọkọ̀ òfuurufú sọ pé "ta ló bi mí", àwọn tó wà lẹ́yìn náà ti mú tiwọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Gbogbo ènìyàn fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ọlọ́run á tù yín nínú." Mi ò mọ̀ pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn téèpù tó báyìí.

Jẹ́kómí ti fi í sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó ń rìn. Mo ní ó ń rìn lọ síbo?

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹta

Télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ dé ní aago mẹ́wàá, aṣọ dúdú lọ́rùn àwọn méjèèjì. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o." Alága ń gbá ìloro. Ó ní ta ló kú? Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò mí. Wọ́n yọ fóònù.

Alága wo fídíò náà tán, tòun ti orúkọ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Bàbá wọn. Ẹ ti pa àbúrò yín."

Mo ní èèwọ̀! Mo ní ọdún tí a rí i kẹ́yìn nìyẹn, báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì. Télọ̀ ní, "Ṣé èmi náà ti ní fáìlì lọ́wọ́ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo lẹ kọ sí ìparí tèmi?" Ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Alága kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Mo wo àwòrán náà padà bí ẹni tí kò ṣe é. Àbẹ́là. Dúdú àti funfun. Dùùrù. Ọdún méjì pẹ̀lú ìlà láàárín.

Ah.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Ọmọ Onírédíò pè. Ìgbà tí mo rí ọmọbìnrin yìí kẹ́yìn, eyín rẹ̀ iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Ó ti lóhùn bíi ti ìyá wa.

Ó ní àwọn ènìyàn mẹ́ta tó gbé rédíò wá fún àtúnṣe ti sáré wá kó o kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀kan fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, kò tíì padà wá mú un. Ó ní, "Bàbá Àgbà, kí ni bàbá mi ṣe fún yín gan-an?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo ní èmi ni. Mo wá rò ó fún un — téèpù, agolo, ẹ̀rọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú oníbàárà méjì. Mo ní ẹ̀rọ tèmi ló jẹ ẹ́. Ó ní òun á sọ fún un.

Mo ní má sọ fún un. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, sọ fún un.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún. Mo ní àbúrò mi kò kú, kí Jẹ́kómí yọ fídíò náà kúrò. Ojú kọ́kọ́ tì í. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Ṣé ó wà láàyè? Bàbá, a lè ṣe apá kejì! Omijé ìbànújẹ́ ní èkíní, omijé ayọ̀ ní èkejì!" Mo ní àbúrò mi ni, kì í ṣe ìgò omi.

Ó ní òun kò lè yọ ọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti gbà á. Èyí tó wà lọ́wọ́ òun nìkan ló lè tún ṣe. Ó nu ọdún ìparí kúrò, ó gbàgbé ìlà. Ohun tó kù ni:

1952 –

Ó fẹ́ nu ìlà náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Bí a ṣe ń kọ fáìlì tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Kò pè. Mo ní bóyá fóònù ti bàjẹ́. Alága pè mí lórí rẹ̀ láti kíṣíìnì. Kò bàjẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Fídíò dé láti orí fóònù ọmọ rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Kò sí dùùrù, kò sí àbẹ́là.

Tábìlì iṣẹ́. Súkúrù nínú ọmọrí ìgò, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọwọ́ méjì, iṣan wọn ti yọ, wọ́n di téèpù kan tó já mú. Ó gé etí rẹ̀ méjèèjì, ó fi orí kan ko orí kejì, ó fi ohun ìlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fi í sínú ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin níbẹ̀, kò dákẹ́.

Ojú rẹ̀ wá wọlé, ó sún mọ́ fóònù jù. Ó ti sanra! Àgbọ̀n bàbá wa. Kò jọ àjèjì yẹn rárá, ìbínú gan-an kò sí níbẹ̀. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, òkú kì í lẹ téèpù. Mo wo fídíò yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dáa ju ọkùnrin yẹn lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀bẹ lẹ fi tú u. Ẹ má fi kàn án mọ́. Ẹ gbé Mọ́mì wá."

Ó wá rẹ́rìn-ín. Imú ni ẹ̀rín náà gbà jáde.

Alága ní kí n tún un fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tún un fi. Mi ò bèèrè bóyá yóò bàjẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Orúnkún mi ṣì ń dùn mí. Mi ò mọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró kí ènìyàn tọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ibi tó ká jọ yẹn kò ṣeé tún ṣe mọ́, tí ìyá wa kò sì ní dé odò yẹn láé ńkọ́? Mo sọ èyí fún Alága. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì ṣáà mọ bí ìtàn náà ṣe parí, ẹ jókòó kí ẹ sọ ọ́ fún ara yín.

Mo ní ó dáa, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí òjò kò bá rọ̀. Ó ní òun kò bèèrè ọ̀sẹ̀, ọjọ́ lòun ń bèèrè. Ọ̀la ti yá jù. Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ máa ń kún. Ọjọ́rú, eyín.

Agolo wà lórí tábìlì, bàtà mi wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò ṣí i wò lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ọkọ̀ aago méje òwúrọ̀.